Yíyí àkọlé àyọkà padà kì í ba líǹkì jẹ́

"Ẹ má fọwọ́ kan àkọlé yẹn o, gbogbo líǹkì tó wá síbẹ̀ ló máa bàjẹ́." Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àmì ohùn sí àkọlé àyọkà kan lórí Wikipedia èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn. Ìbẹ̀rù yìí kò jẹ́ kí a tún ọ̀pọ̀ àkọlé ṣe, ó sì ń dùn mí, torí kò nídìí.

Mo mọ ibi tó ti wá. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, adírẹ́sì ni wọ́n ń kọ sínú líǹkì. Bí ojú-ewé bá kúrò níbi tó wà, ẹni tó tẹ líǹkì á bá 404 pàdé, ìyẹn àmì pé kò sí ojú-ewé náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí MediaWiki, sọ́fítíwíà tó gbé Wikipedia ró, ṣe ń ṣe tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí o bá kọ [[Ìbàdàn]] láti fi ṣe líǹkì, orúkọ lo kọ, kì í ṣe adírẹ́sì. Sọ́fítíwíà ló máa wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ bóyá ojú-ewé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá wà, líǹkì á jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Bí kò bá sí, á pọ́n. Líǹkì pupa kì í ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kọ àyọkà náà, gbogbo líǹkì pupa tó ń wá orúkọ yẹn á di búlúù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún wọn kọ.

Bí o bá wá yí àkọlé padà, sọ́fítíwíà á fi àtúnjúwe, ìyẹn ojú-ewé tó ń darí òǹkàwé lọ sí orúkọ tuntun, sílẹ̀ ní orúkọ àtijọ́, àfi bí alábòójútó bá dìídì ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ọdún 1975 tó sì fi líǹkì sí Yunifásítì Ifẹ̀ kò ṣẹ̀, nítorí orúkọ tí ilé-ìwé náà ń jẹ́ nígbà yẹn nìyẹn. Àtúnjúwe á gbé òǹkàwé dé ibi tó yẹ. Kò sídìí láti máa pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ káàkiri.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí a ṣọ́ níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré ni MediaWiki ń tẹ̀lé àtúnjúwe. Bí àkọlé bá yí padà lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ àkọ́kọ́ lè máa tọ́ka sí ti àárín, kí òǹkàwé sì há síbẹ̀. Darí ti àkọ́kọ́ tààrà sí ti ìkẹyìn.

Àwọn mìíràn gbà pé "ọ̀" tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí a tilẹ̀ to àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ kan náà ni MediaWiki ń sọ wọ́n dà. Àmọ́ Osogbo àti Òṣogbo kì í ṣe orúkọ kan náà lójú rẹ̀. Èyí tó ní àmì ni kó jẹ́ àkọlé, kí èyí tí kò ní in jẹ́ àtúnjúwe, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá nǹkan láìfi àmì sí i.

Ìbẹ̀rù yìí náà ló ń mú kí àwọn kan da adírẹ́sì kọ láti inú bíráúsà, tí Ìbàdàn á fi di %C3%8Cb%C3%A0d%C3%A0n. Á ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n líǹkì ìta ni sọ́fítíwíà kà á sí: kò ní pọ́n bí wọ́n bá pa ojú-ewé náà rẹ́, kò sì ní hàn nínú àtòjọ àwọn ojú-ewé tó so mọ́ àyọkà yẹn. Àtòjọ yìí sì ni olóòtú ń yẹ̀ wò kó tó yí nǹkan padà.

Ibi tí ewu wà gan-an ni orúkọ tó lè jẹ́ ti nǹkan púpọ̀. Ẹnì kan kọ [[Ọ̀yọ́]]. Ṣé ìlú tí Aláàfin wà lónìí ni, àbí ilẹ̀ ọba tó fọ́ ní ọ̀rúndún 19, àbí ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀? Líǹkì náà á jẹ́ búlúù, á ṣí, kò sí ohun tó máa ta ẹnikẹ́ni lólobó. Síbẹ̀, ẹni tó ń ka bí Ọ̀yọ́ ṣe bá Dahomey jagun ní ọ̀rúndún 18 lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ gómìnà àti ìjọba ìbílẹ̀. [[Ilẹ̀ Ọba Ọ̀yọ́|Ọ̀yọ́]] ló yẹ kó kọ: sọ́fítíwíà á lo ti apá òsì, òǹkàwé á rí ti apá ọ̀tún.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gba orúkọ bí Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ àyọkà kan láti fi ṣe ojú-ewé tó ya ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ṣí àtòjọ àwọn ojú-ewé tó so mọ́ ọn, ka gbólóhùn tí líǹkì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí o sì darí rẹ̀ sí Ọ̀yọ́ tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Sọ́fítíwíà kò lè bá ọ ṣe ìyẹn.