Kòkòrò afòmọ́ lára èpìyà Náílì nínú odò Wèmè àti omi Àjàṣẹ́

Èpìyà Náílì (Oreochromis niloticus) wà lára àwọn ẹja omi tí ò níyọ̀ táwọn èèyàn ń sìn jù láyé, wọ́n ń sìn ín gan-an ní gúúsù Benin náà, inú adágún tí wọ́n ti ń sìn ín ló sì máa ń gbà bọ́ sínú odò àti ọ̀sà. Kì í dá nìkan lọ. Àwọn kòkòrò afòmọ́ tó ń gbé lára rẹ̀ máa ń bá a rìn, wọ́n sì lè kó sára àwọn èpìyà ìbílẹ̀ tó ti wà nínú omi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí àlejò yìí tó dé.

Ọmọ onílẹ̀ níbì kan, àlejò níbòmíì

Linnaeus ló fún ẹja yìí lórúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní 1758. Omi tó ti ṣẹ̀ wá ni Náílì, adágún Chad, odò Ọya, Bẹ́núé, Volta àti Senegal, nítorí náà tí wọ́n bá pè é ní àjòjì ní Benin, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè pé ní apá ibo. Lókè àríwá níbi tí Mékrou, Alibori àti Sota ti ń ṣàn wọ odò Ọya, ọmọ onílẹ̀ ni, ẹni tó bá rà á ní Malanville ẹja ìbílẹ̀ ló rà. Àmọ́ odò Wèmè (Ouémé) ò bá Ọya pàdé rárá, gúúsù ló ń lọ títí dé etí òkun, kò sì sí lára àwọn omi tí wọ́n kà sí ilé ẹja yìí, èèyàn ló gbé e débẹ̀.

Wèmè gùn tó bíi kìlómítà 510, òun ló gùn jù ní Benin. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, odò Ọ̀pàrà tó wà lódìkejì ìlú náà ń wá bá a nísàlẹ̀, ó sì gba apá ìwọ̀ oòrùn Kétu lọ kó tó já sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Kétu fúnra rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga tómi ò pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án tó bó ṣe kan àwọn ará ìsàlẹ̀. Tó bá di bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, Wèmè á kún bo etí rẹ̀, adágún ẹja tí wọ́n gbẹ́ sítòsí odò á wọ abẹ́ omi, ẹja inú rẹ̀ á bá omi lọ. Nígbà tómi bá tún fà, ọ̀pọ̀ ẹja á há sínú àwọn ihò tí wọ́n ń pè ní whédò, ẹja ìbílẹ̀ àti àlejò á jọ fún ara wọn mọ́ ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú àkájà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ adágún kí ẹja lè wá sá sí i. Fún aran tó ń wá ara ẹja tí yóò lẹ̀ mọ́, kò sí ibi tó dáa jù ibi tí ẹja ti fún pọ̀ báyìí.

Àwọn èpìyà ìbílẹ̀ tó bá pàdé níbẹ̀ ni Sarotherodon melanotheron, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú tó jẹ́ pé bàbá ló ń gbé ẹyin sẹ́nu, àti Coptodon guineensis tó máa ń lẹ ẹyin mọ́lẹ̀.

Àwọn aran oníwọ̀

Nínú gbogbo kòkòrò tó wà lára èpìyà, àwọn aran pẹlẹbẹ oníwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Monogenea ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ ẹja àlejò, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòroó rí: wọn ò nílò ìgbín, wọn ò nílò ẹyẹ, ẹja nìkan ti tó wọn. Tí ẹja bá ti dé omi tuntun pẹ̀lú wọn, gbogbo ohun tí wọ́n nílò láti bí sí i ló ti bá wọn dé.

Ẹ̀yà tó pọ̀ jù nínú wọn lára èpìyà ni Cichlidogyrus, Paperna ló dá orúkọ yìí sílẹ̀ ní 1960. Abẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja ló ń gbé, lára ẹran pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹja fi ń mí. Kò tó mìlímítà kan, ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ní ìdí rẹ̀ ló ní ìwọ̀ ńlá mẹ́rin àti ìwọ̀ wẹ́wẹ́ 14 tó fi ń di ẹran náà mú. Ó ń yé ẹyin sínú omi, ẹyin á pa, ọmọ rẹ̀ onírun wẹ́wẹ́ á lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja tí yóò lẹ̀ mọ́, tí ò bá tètè rí i á kú.

Ohun tó jẹ́ kí aran yìí wúlò fún ẹni tó ń ṣèwádìí ni pé ó máa ń ṣa ẹja yàn. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ò gbà ju ẹja kan tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ èpìyà Náílì ni Cichlidogyrus sclerosus, C. halli, C. thurstonae, C. tilapiae, C. cirratus àti ìbátan wọn Scutogyrus longicornis. Antoine Pariselle àti Louis Euzet kó gbogbo irú tí wọ́n mọ̀ nígbà náà lára èpìyà Áfíríkà àtàwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ jọ sínú iṣẹ́ kan ní 2009, bí ìwọ̀ aran àti ẹ̀yà akọ tó fi ń bímọ ṣe rí ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, torí àwọn nǹkan líle yìí kì í yí padà bí ẹran ara rẹ̀ tó rọ̀. Nítorí náà tí wọ́n bá rí C. sclerosus lára ẹja ìbílẹ̀ inú omi kan tí èpìyà Náílì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àlejò yẹn ló gbé e wá. Aran náà dà bí ìwé ìrìnnà ẹja.

Gyrodactylus cichlidarum tún yàtọ̀, awọ àti lẹbẹ ẹja ló sábà máa ń wà, kì í sì yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á ti lóyún ọmọ míì kí wọ́n tó bí i. Aran kan ṣoṣo lè di ọ̀pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ara kan ara ló fi ń ràn, bẹ́ẹ̀ ìyá èpìyà Náílì ń gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́nu, ó sì ṣeé ṣe kíyẹn náà máa ran aran yìí lọ́wọ́.

Ta ló kó o ran ta

Ọ̀nà mẹ́ta lọ̀rọ̀ lè gbà. Àlejò lè kó aran tirẹ̀ ran onílẹ̀, ó lè gba aran onílẹ̀ kó sì máa bí i sí i títí tá á fi tún padà dà á lé onílẹ̀ lórí, tàbí kó dé láìsí aran púpọ̀ lára, tíyẹn á sì fún un lágbára ju ẹja ìbílẹ̀ lọ.

Ti àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Ní Mexico, ìwádìí tó jáde ní 2001 rí aran èpìyà Áfíríkà lára àwọn ẹja ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n sì rí irú rẹ̀ ní Madagascar náà nínú ìwádìí 2019. Ti Congo ló dára jù bí wọ́n ṣe ṣe é: àwọn olùwádìí mú ẹja àtijọ́ tí wọ́n ti tọ́jú sí mùsíọ́mù láti ìgbà tí èpìyà Náílì ò tíì wọ omi ibẹ̀, wọ́n yẹ ibi tó fi ń mí wò, wọ́n wá fi wé ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọ́n sì rí i pé aran èpìyà Náílì ti wà lára àwọn èpìyà ìbílẹ̀ báyìí. Ní 2020 ni iṣẹ́ náà jáde. Bí ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣe lè tó, Norway mọ̀ ọ́n: láti 1975 ni Gyrodactylus salaris tó bá ẹja salmon wá láti agbègbè òkun Baltic ti ń ba salmon ibẹ̀ jẹ́, ó dé odò bí 50, wọ́n sì ní láti da oògùn tó ń pa gbogbo ẹja sínú púpọ̀ nínú wọn.

Ní Benin fúnra rẹ̀, àwọn kòkòrò kan tó tún kéré ju aran oníwọ̀ lọ, ìyẹn Myxobolus, ni iṣẹ́ ti pọ̀ lé lórí. Nestor Sakiti àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe irú tuntun lára èpìyà adágún Nokoué ní 1991, Gbankoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún gbé iṣẹ́ jáde ní 2001 lórí bí títóbi ẹja, akọ tàbí abo, àti ìgbà nínú ọdún ṣe kan àwọn tó ń gbé níbi tí ẹja fi ń mí. Ẹja ìbílẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, ìyẹn gan-an ló sì sọ iṣẹ́ wọn di ìpìlẹ̀ tá a lè fi nǹkan òní wé. Àwọn Myxobolus tí wọ́n ti mọ ìgbésí ayé wọn máa ń kọ́kọ́ gba inú ekòló ẹrẹ̀ kọjá, nítorí náà àjò ò rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó ti aran oníwọ̀.

Àwọn yòókù

Trichodina, kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, wà lára awọ, aran elórí ẹlẹ́gùn-ún Acanthogyrus tilapiae wà nínú ìfun, Argulus àti Lernaea jẹ́ ìbátan edé tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja. Clinostomum ni àwọn alájàpá ẹja máa ń rí jù, kókó yẹ́lò kékeré nínú ẹran ẹja ni, inú ìgbín omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí sí ọ̀fun àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń jẹ ẹja. Ó lè mú èèyàn lọ́fun tó bá jẹ ẹja tútù tí ò jinná, àmọ́ kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹja tí iná bá sì ti mú dáadáa ò ní wàhálà. Aran oníwọ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Iyọ̀ omi

Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà omi Cotonou ní 1885 ni omi òkun ti ń wọ Nokoué, Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sì so pọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn omi máa ń níyọ̀, tí Wèmè bá kún iyọ̀ á lọ. S. melanotheron lè fara da iyọ̀ ju èpìyà Náílì lọ gan-an, iyọ̀ sì máa ń pa ọ̀pọ̀ aran oníwọ̀ inú odò, ìdí nìyẹn táwọn tó ń sin ẹja fi ń ri ẹja sínú omi oníyọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó jọ pé ìgbà ìkún omi ni aran àlejò máa rí ọ̀nà jù, òkè odò lápá Ṣábẹ̀ẹ́ tí iyọ̀ ò sì dé rárá ò ní irú ààbò yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja fún àyẹ̀wò lọ́wọ́ àwọn apẹja tàbí lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́, kó má da ẹja àlejò pọ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀ nínú garawa kan, torí aran máa ń já bọ́ láti ara ọ̀kan sára èkejì. Kó gé orí wọn sínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó da ọtí líle tó mọ́ (ethanol) lé e, kó sì kọ ọjọ́ àti omi tí ẹja ti wá sára ike náà.