Kí ló ń jẹ́ káwọn kan tètè gba AI, táwọn míì sì ń sá fún un?

Táwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá pè mí pé kí n wá bá àwọn wo ọ̀rọ̀ AI yìí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n bíi tèèyàn, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé èwo ló gbọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni o, àmọ́ èmi náà á bi wọ́n pé, tó bá ṣàṣìṣe, ta ló máa forí fá a? Ẹnu wọn á wọhò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àwa tá à ń lò ó lórí fóònù tiwa. Látọdún 1989 ni Fred Davis, olùṣèwádìí kan, ti sọ pé ohun méjì ló ń jẹ́ kéèyàn gba nǹkan kọ̀ǹpútà, kó dá a lójú pé á wúlò fún òun, kó má sì ni òun lára láti lò. Nígbà tó di 2003, òun àti Viswanath Venkatesh pẹ̀lú àwọn méjì míì fi kún un pé èèyàn tún máa ń wo ohun táwọn tó yí i ká ń ṣe, á sì tún wò ó bóyá ohun tó máa fi lò ó wà nílẹ̀. Ẹ wá wo ChatGPT, AI kan tó ń dáhùn ìbéèrè, tó jáde ní November 30, 2022, ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ ẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ ṣe máa kọ ọ́ síbẹ̀, kò sí ìwé kankan tẹ́ ẹ máa kà kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n lò, àwọn tó ń ṣírò ẹ̀ sì fojú bù ú pé láàárín nǹkan bí oṣù méjì ó ti ní 100 mílíọ̀nù èèyàn. Tó bá sọ ìsọkúsọ fún yín, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa pa á dé, ó parí.

Ilé-iṣẹ́ ò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, ọkùnrin kan tí ìyá àgbà ẹ̀ kú bi róbọ́ọ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada nípa ẹ̀dínwó fáwọn tó ń lọ sìnkú, ni róbọ́ọ̀tì náà bá ní kó ṣáà ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó wá béèrè ẹ̀dínwó tó bá yá. Òfin ilé-iṣẹ́ yẹn ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ ní róbọ́ọ̀tì yẹn dá dúró láyè ara ẹ̀, òun ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ (ẹ gbọ́ àwáwí!). Ìgbìmọ̀ ò gbà, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà sanwó fún ọkùnrin náà, 2024 nìyẹn. Ọdún tó ṣáájú ẹ̀, àwọn lọ́yà kan ní New York kó ẹjọ́ tí ChatGPT hun jọ, tí kò ṣẹlẹ̀ rí, lọ síwájú adájọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá báńkì tàbí ọsibítù lẹ́bi tí wọ́n bá ń rìn jẹ́jẹ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rìn jẹ́jẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó kàn fòfin dè é. Tẹ́ ẹ bá fòfin dè é láì fún wọn ní nǹkan míì, àwọn òṣìṣẹ́ á máa lò ó lábẹ́lẹ̀ lórí fóònù wọn, àṣírí kọ́sítọ́mà á wá máa lọ síbi tẹ́nì kankan ò mọ̀.

Ti ìgbẹ́kẹ̀lé ló le jù, torí èèyàn kì í dárí ji ẹ̀rọ. Dietvorst, Simmons àti Massey ṣèwádìí kan tó jáde ní 2015, wọ́n rí i pé táwọn èèyàn bá ti fojú ara wọn rí i tí ẹ̀rọ ṣìṣe, wọ́n á pa á tì, wọ́n á padà sórí ìmọ̀ tara wọn, kódà tí àṣìṣe ẹ̀rọ yẹn bá kéré sí tiwọn. Ní 2018 àwọn mẹ́ta yìí kan náà wá rí ohun tó máa ń jẹ́ káwọn èèyàn gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè yí ìdáhùn ẹ̀rọ padà díẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe bíńtín, wọ́n á lò ó. Èmi ò tíì rí ìmọ̀ràn tó wúlò tó èyí. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó kàn ń pàṣẹ ka òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fún un láyè kó tún un ṣe, kórúkọ ẹ̀ sì wà lórí iṣẹ́ náà. Ẹ sì sọ fún un tààrà bóyá iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà, torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ nǹkan tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀.

Owó ńkọ́? Ó ṣe pàtàkì, àmọ́ ohun kan tó máa ń jẹ owó gan-an ni àkọsílẹ̀ tó wà káàkiri tí ò bára mu, ẹ̀rọ ò lè rí nǹkan kan fà yọ nínú ẹ̀. Òfin náà ti ń wọlé, ti Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní August 2024, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń mú un ṣẹ, ó ka lílo AI láti fi ṣa ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ mọ́ ohun tó léwu gan-an.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yálà nílé tàbí níbi iṣẹ́, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ mọ̀ dénú, irú èyí tí àṣìṣe ẹ̀ á hàn sí yín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti yan ẹni tó máa máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.