Ìdí tí kọ́ọ̀dù mẹ́ta fi tó fún onígìtá rọ́ọ̀kì

Ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn gìtá, ó sì yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀: pé ẹni tí kò mọ sólò ta, ìyẹn ibi tí gìtá ti ń dá kọrin, ni wọ́n ń fi sídìí rídìmù, ìyẹn gìtá tó ń gbé orin ró lẹ́yìn. Wọ́n á gbọ́ orin rọ́ọ̀kì tó jẹ́ kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré (àwọn ohùn tí a ta pa pọ̀ là ń pè ní kọ́ọ̀dù), wọ́n á ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Òótọ́ ni pé kò pẹ́ tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń di kọ́ọ̀dù A, D àti E mú. A ò ní dúró níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kan okùn ló yẹ ká wò.

Gìtá oníná kì í dá sọ̀rọ̀, ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, ló ń bá a sọ ọ́. Nínú orin rọ́ọ̀kì, wọ́n máa ń ti ampilifáyà kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, títí ohùn á fi ha. Bí ohùn méjì bá wọ inú ampilifáyà tó ti ń ha, kì í ṣe méjì ló máa jáde. Ẹ̀rọ náà á pa wọ́n pọ̀, á sì bí àwọn ohùn mìíràn, òmíràn láti inú àròpọ̀ wọn, òmíràn láti inú ìyàtọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká mú okùn A. Ìgbà 110 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn E tó wà lókè rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 165. Bí a bá yọ 110 kúrò nínú 165, ó ku 55, ìdajì 110 géérégé. Ohùn A mìíràn nìyẹn, ó sì jinlẹ̀ ju okùn gìtá èyíkéyìí lọ, torí okùn tó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82. Kò sẹ́ni tó ta ohùn yẹn, inú ẹ̀rọ ló ti wá. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀dù olóhùn méjì fi lè kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́.

Ẹ wá fi C♯ kún un, ìyẹn ohùn tó ń jẹ́ kí kọ́ọ̀dù A pé. Ìgbà 139 ló ń gbọ̀n, ó dín díẹ̀. Ìyàtọ̀ òun àti A fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29, kò sì bá èyíkéyìí nínú wọn ṣe déédéé. Bí ampilifáyà bá ń ha gan-an, àwọn ohùn tí kò bára mu yìí á kọlu ara wọn, kọ́ọ̀dù á sì dàrú. Onígìtá tó yọ ohùn yìí kúrò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó kó ohùn mẹ́fà lé ara wọn nínú ampilifáyà tó ń ha ni kò tíì gbọ́ ohun tó ń ta.

Ẹlòmíràn á fi kọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní pípé, á wá dín híha kù. Ohun tí Malcolm Young ṣe nìyẹn, ẹni tó dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì AC/DC sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Angus, ní Sydney ní Australia ní 1973. Ampilifáyà rẹ̀ kì í ha tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ọwọ́ rẹ̀ àti okùn tó nípọn, tó le láti tẹ̀, ni agbára ohùn rẹ̀ ti ń wá. Ó ti yọ àwọn pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí ampilifáyà) yòókù kúrò lára gìtá Gretsch rẹ̀, tó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà nítòsí ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, níbi tí ohùn ti máa ń mú jù lọ. Ní ti Keith Richards ti Rolling Stones, okùn gan-an ló yọ. Nínú orin bíi Start Me Up, tó jáde ní 1981, okùn márùn-ún ló fi ta á, ó sì yí wọn sí G, D, G, B, D. Láìfi ìka kankan tẹ̀ ẹ́, kọ́ọ̀dù G ti wà nílẹ̀.

Ìdákẹ́ ló wá le jù nínú gbogbo rẹ̀. Okùn gìtá tí ampilifáyà rẹ̀ ń pariwo kì í fẹ́ dákẹ́, torí ariwo náà máa ń padà wá mi okùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dákẹ́ ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo okùn, kó sì tú ìka òsì láìgbé e kúrò lórí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, ní àkókò tí ìlù bọ́ sí gan-an. Ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Back in Black, orin AC/DC ti ọdún 1980: E, ìdákẹ́, D, ìdákẹ́, A. Bí ọ̀kan nínú àwọn àlàfo wọ̀nyẹn bá gùn jù díẹ̀, orin náà ti bàjẹ́.

Ẹni tó mọ ìlù dùndún ti mọ ètò yìí. Ìyáìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki olóde, òun náà ni wọ́n ń náwó fún. Gúdúgúdú rọ̀ mọ́ ọrùn onílù rẹ̀, ọ̀já awọ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kò sì ní oríkì tó ń kì. Síbẹ̀ òun ni ẹsẹ̀ oníjó ń tẹ̀lé. Bí ìyáìlù bá dákẹ́ díẹ̀ kí onílù lè kó owó, ijó ń lọ. Bí gúdúgúdú bá ṣìnà, gbogbo agbo á mọ̀, títí kan ẹni tí kò mọ orúkọ ìlù náà. Ìyáìlù fúnra rẹ̀ lè fa ọ̀rọ̀ gùn, ó lè sáré, ó lè yà bàrá, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣọ́ ilé dè é. Bí Angus ṣe ń sáré káàkiri orí pèpéle nìyẹn, tí Malcolm dúró lẹ́bàá ìlù, tó ń bọ́ síwájú kìkì nígbà tó bá fẹ́ gbe orin.

Ibi tí ètò yìí kù díẹ̀ káàtó sí ni pé owó àti ìyìn kì í dé ẹ̀yìn. Àwọn olórin fúnra wọn mọ iye ẹni tó wà lẹ́yìn ṣá. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú kí Malcolm fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2014, Stevie Young ni wọ́n pè, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dúró fún un rí ní 1988. Malcolm kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2017.

Nínú ọ̀pọ̀ àwo AC/DC, etí òsì ni gìtá Malcolm wà, ti Angus wà ní ọ̀tún. Ẹ ki earpiece bọ etí, ẹ yọ ti ọ̀tún, kí ẹ gbọ́ ti òsì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ẹ má wulẹ̀ ṣọ́ kọ́ọ̀dù. Ibi tó ti pa okùn ni kí ẹ máa ṣọ́.