Kí Wọ́n Tó Máa Pè É Ní Gírántì: Ibi tí Owó Ìrànwọ́ fún Omi àti Àyíká Ìlú ti Ṣẹ̀ Wá

Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti jókòó sí ní Kábà àti Lọ́kọ́jà, lórí bí ìlú ṣe lè rí owó ìrànwọ́ gbà fún omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilẹ̀ tí àwọn awakùsà ti gbẹ́ sílẹ̀, ibì kan náà ni olùkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn: Amẹ́ríkà. Wọn á ní ní 1982, ìjọba North Carolina fẹ́ lọ da erùpẹ̀ tó ti mu májèlé PCB sí Warren County, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, àwọn ará ibẹ̀ sì dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀ akẹ́rù títí ọlọ́pàá fi kó èèyàn tó lé ní 500. Láti ibẹ̀, wọn á fò sí ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé 1994, tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí àṣẹ 12898 pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba máa wo ìyà tí ìdọ̀tí àyíká fi ń jẹ àwọn tálákà àti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọdún náà ni EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó kéékèèké fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò. Ìtàn parí. A ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó jẹ ìrẹsì, a ó lọlé.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ọjọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ kọ́ la lóyún rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjùmú, mo gbà pé ìpilẹ̀ nǹkan yìí wà ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, lórí àwọn òkè wa, tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ Warren County tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí gírántì jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bùn, nítorí ẹni tó fún ọ á béèrè ohun tí o fi ṣe. Kì í ṣe gbèsè, nítorí o ò ní í san án padà. Ìlú ló máa sọ ohun tó ń dùn ún, òun náà á da tiẹ̀ sí i, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, á sì jíyìn bí iṣẹ́ bá parí. Ta ló kọ́ wa ní èyí?

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń da mẹ́ta pọ̀. Àáró ni kí n bá ọ kọbè lónìí, kí ìwọ náà wá bá mi kọ tèmi lọ́túnla, ebè fún ebè. Èsúsú ni kí á máa dá owó jọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa kó o bó bá ṣe kàn án. Òun làwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé kọjá òkun, tí àwọn ará Trinidad fi ń pè é ní susu títí dòní. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí iṣẹ́ ti ga ju agbára rẹ̀ lọ ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Á ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn àna, wọn á gbé ọkọ́ wá, òun á gún iyán, á wá ẹran, á wá ẹmu. Kò sẹ́ni tó ń retí kí ó san iṣẹ́ náà padà. Síbẹ̀ iyán ọ̀wẹ̀ kì í ṣe sàráà: bí o bá jẹ ẹ́ láìfọwọ́ kan ọkọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ pàápàá, bí ilé náà ò bá parí, àwọn tó wá á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Lójú tèmi, àáró ló bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èsúsú ló bí báǹkì kéékèèké, ọ̀wẹ̀ ló bí gírántì. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn.

Ẹnì kan á ní gbogbo Yorùbá ló ní ọ̀wẹ̀, kí ló wá jẹ́ ti Òkun níbẹ̀? Ìdáhùn mi wà lọ́dọ̀ òpìtàn wa, Adé Ọbáyẹmí, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Òun ló jà fún èrò pé kí àwọn ìjọba ńláńlá bí Ọ̀yọ́ tó gbilẹ̀, ìlú kéékèèké tó ń dá ṣe ara wọn ni Yorùbá fi ń gbé, àti pé ilẹ̀ Òkun wà lára ibi tí ètò àtijọ́ náà ti pẹ́ jù. Ẹ rò ó wò. Níbi tí ọba ńlá bá wà, ààfin ló ń pàṣẹ kí á tún ọ̀nà ṣe. Níbi tí kò bá ti sí, ní Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Òwórò àti láàárín àwọn Owé, ta ni yóò pàṣẹ? Àwọn ará ìlú ní láti bẹ ara wọn ni. Ìlú tí kò lè fi agbára mú èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi iyán pe èèyàn. Ohun tí àwọn àjọ ńlá ń ṣe lónìí náà kọ́ nìyẹn?

Mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan ní Kábà sọ pé láti ara ọ̀wẹ̀ ni orúkọ Owé ti wá. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì ò bára mu, ohùn ò sì bára mu. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn Owé. Ti Òkun ló dá mi lójú díẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ìkíni ni: ẹni tó ń bọ̀ láti oko, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó jí láàárọ̀, “Òkun o” la ó fi kí i, òun ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀yà wa márààrún. Àwọn kan ń rò pé omi òkun là ń wí, a ò sì rí òkun bí a bá ń wo òkè títí. Lọ́kàn tèmi, okun tó jẹ́ agbára ni, ohùn ìkíni ló kàn tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: kí okun má tán lára rẹ. Ibo ni irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe láàárín àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, níbi ọ̀wẹ̀?

Bí a bá wá dé àsìkò ogun Nupe, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan omi. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, àwọn àjẹ̀lẹ̀ wọn ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ìlú wa gun orí òkè lọ, nítorí ẹṣin kì í gun àpáta. Ọdún 1897, tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ni ìyà náà tó dẹwọ́, ó sì tún gba àkókò kí àwọn èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà báyìí.

Ẹ fojú inú wo ìlú tó há sórí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orísun kan, bóyá kòtò òjò méjì lórí òkúta. Bí ẹnì kan bá ba omi náà jẹ́, gbogbo ilé ni inú rírun á wọ̀, ọ̀tá sì wà nísàlẹ̀. Mo gbà pé níbẹ̀ ni ìtọ́jú omi ti kúrò lọ́wọ́ ilé kan, tó di ẹrù gbogbo ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, èèwọ̀ ni kí á ki ìkòkò tí èédú ti bò nídìí bọ orísun, wọ́n á ní inú òrìṣà omi kò dùn sí i. Ìyá mi àgbà ò bá òrìṣà kankan dá majẹ̀mú, ọmọ ìjọ ni, síbẹ̀ kò gbà kí á fi ìkòkò dúdú pọnmi. Ó ní ẹni tó bá ṣe é á san ewúrẹ́ láyé àwọn bàbá òun. Ewúrẹ́ ọ̀hún ń lọ síbo? Àwọn tó bá wá gbọ́n orísun náà, tí wọ́n ro etí rẹ̀, ni wọ́n ń pa á fún. Ẹni tó ba àyíká jẹ́ ló ń bọ́ àwọn tó tún un ṣe. Àwọn amòfin ayé òde òní kọ ìwé rẹpẹtẹ kí wọ́n tó dé ibi tí ewúrẹ́ yẹn ti wà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fara mọ́ àwọn tó ní àwọn òyìnbó oníwàásù ló kó àṣà ìrànwọ́ yìí wá. Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, a ò lè gbàgbé ohun tí ó ṣe nílẹ̀ Yàgbà, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ pípa àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ru òkúta àti igi tí wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ ti mọ ọ̀wẹ̀ kó tó dé.

Àwọn mìíràn á dárúkọ wolé-wolé ìjọba amúnisìn. Àwọn èèyàn rò pé “wọlé” ló wà nínú orúkọ yẹn nítorí pé wọ́n máa ń já wọlé. Rárá o, wo ilé ni, ẹni tó ń wo ilé kiri. Ohun tó sì ń wò ni àmù: bó bá rí tanwíjí nínú omi rẹ, owó ìtanràn ti dé. Owó ìtanràn ọ̀hún kò padà sí orísun kankan, àpò ìjọba ló ń lọ. Wolé-wolé mú ewúrẹ́ lọ, ó fi ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀. Ẹ ò lè pe ìyẹn ní bàbá gírántì.

Sòbìà, aràn tí èèyàn ń kó nínú omi tí kò mọ́, ló tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Kí sòbìà tó degbò là ń ké sí olúgànbẹ, àwọn bàbá wa ti wí i. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tó ní in ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000, kò sí orílẹ̀-èdè kankan nígbà náà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Àjọ Carter, tí Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ dá sílẹ̀, dá owó sí i, Ọ̀gágun Gowon náà tún wá ń rìn káàkiri abúlé lórí rẹ̀. Àmọ́ oògùn kọ́ ló pa sòbìà, kò ní oògùn. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni, pẹ̀lú kí ẹni tó ní egbò má ṣe tẹ ẹsẹ̀ bọ odò. Ilẹ̀ Bùnú tí wọ́n ti ń hun aṣọ pupa tí a fi ń sin àwọn ẹni ńlá, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n máa ti kọ́ obìnrin ní bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ nǹkan? Oṣù Bélú 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní Enúgù. 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ odò láìgba kọ́bọ̀ ló ṣe é. Ọ̀wẹ̀ ni.

Láàárín àsìkò kan náà, DFRRI, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ní ìgbèríko, tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ ní 1986, ń ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kí ó tó rí kànga gbà. A ti ní ẹgbẹ́ tipẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Èkó ló ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ní 1988 ni àṣírí Koko tú, ní ibi tó wá di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí: wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí àgbàlá ọkùnrin kan, nǹkan bí $100 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ìbínú ọ̀rọ̀ náà ló bí òfin àti FEPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìdáàbòbò àyíká, lọ́dún náà. Ecological Fund, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìṣòro àyíká, ti wà láti 1981, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ló mọ. Ìlú ò lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn yòókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, bẹ̀rẹ̀ owó kéékèèké tirẹ̀ ní 1992, ẹgbẹ́ ìlú sì lè gbà nínú rẹ̀. CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báǹkì Àgbáyé dá owó sí, ní kí ìlú dá ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀, nínú owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo iyán níbẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó fẹ́ wa nǹkan, bíi góòlù ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìsánlú, kọ́kọ́ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Òfin epo 2021 ya ìdá 3 nínú 100 owó tí iléeṣẹ́ epo ń ná sórí iṣẹ́ lọ́dún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tó ni ilẹ̀. Amẹ́ríkà ya bílíọ̀nù 3 dọ́là sọ́tọ̀ ní 2022 fún ẹ̀tọ́ àyíká, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 sì ni ìjọba tuntun wọn fagi lé àṣẹ 12898 tí wọ́n fi ń ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wa. Kò tilẹ̀ pé ọdún 31 tó lò.

Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, a fẹ́ gba owó láti tún orísun abúlé wa ṣe. Ọ́fíìsì tí a lọ, n ò ní í dárúkọ rẹ̀, fún wa ní ìwé tó ní ojú ewé 19. Ojú ewé kejì béèrè pé láti ọdún wo ni ẹgbẹ́ yín ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú omi. Àpótí nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé wa, tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yọ awò ojú rẹ̀, ó wo àwọn àgbà, àwọn náà wo ara wọn. Ẹnì kan ní kí ó kọ “láti ìgbà ogun Nupe”. Kò gbà á nínú àpótí. A kọ ọdún tí a fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá ìwé náà padà pé ẹgbẹ́ wa ò tíì dàgbà tó.