Ewé Akíntọ́lá: àjèjì tó di oògùn ọgbẹ́

Oògùn àbáláyé ni ọ̀pọ̀ wa ń pe ewé Akíntọ́lá, bẹ́ẹ̀ bàbá bàbá mi ti gbọ́njú kó tó rí i rí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, ni orírun rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n gbé e dé Íńdíà. Ó gba ibẹ̀ dé Ceylon, tó ń jẹ́ Sri Lanka báyìí, ní nǹkan bí ọdún 1937 ló sì fara pamọ́ sáàárín èso igi gmelina tí wọ́n kó wá gbìn sí Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó nírun funfun. Bí ọyẹ́ bá ti dé, atẹ́gùn a gbé e, ibi tó bá bọ́ sí ló ń hù. Ẹ ṣán oko lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì, òun lẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ṣépè fún un títí. Akíntọ́lá làwọn kan fi sọ ọ́, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni: àwọn méjèèjì tí ìjà wọn pín Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sí méjì ní 1962. Acheampong ni wọ́n ń pè é ní Gánà, orúkọ ọ̀gágun tó ṣèjọba wọn láti 1972 sí 1978. Ohun tó bá gba ilẹ̀ lójijì, orúkọ aláṣẹ làwọn èèyàn máa ń fún un.

Àdá ló sọ ọ́ di oògùn. Ẹni tó ń ṣán an tó ṣe ara rẹ̀ léṣe, ewé wo ló tún sún mọ́ ọn jùyẹn lọ? Imí-eṣú làwọn àgbà ti ń fi wo ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdílé kan náà sì ni ewé méjèèjì. Mo gbà pé òun ni wọ́n fi wé.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí àdá yọ̀, tó gé mi lójúgun. Bàbá mi já ọ̀mùnú ewé náà, èyí tí iṣan mẹ́ta là láti ìdí bí àmúga. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí omi aláwọ̀ ewé fi ń kán, ó fún un sójú ọgbẹ́. Ó ta mí bí ata, mo ké tòò. Kó tó fa aṣọ ya tán láti fi dì í, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé lóòótọ́ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ní Vietnam, níbi tó ti jẹ́ àlejò bíi tiwa, ọgbẹ́ náà ni wọ́n ń fi wò.

Bàbá bàbá mi kò yé ṣépè fún un títí tó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣán oko, ó máa ń fi ìdí kan sílẹ̀ lẹ́bàá ahéré.