Oògùn Ẹran Ọ̀sìn Nínú Omi: Àìrí Kì í Ṣe Àìsí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbígbọ́ rẹ̀ ti sú mi. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa fífi ozone (irú afẹ́fẹ́ oxygen kan tó lágbára), tàbí hydrogen peroxide (kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń pa kòkòrò) pẹ̀lú irin tàbí ìtànṣán ultraviolet, fọ omi tí oògùn ẹran ọ̀sìn ti bà jẹ́, ẹnìkan á ṣáà dá sí i pé: "Ṣebí wọ́n yẹ omi náà wò, wọn ò rí oògùn níbẹ̀ mọ́? Ó parí nìyẹn."

Kò tíì parí o.

Pé oògùn wà nínú omi, a ò jiyàn. Ẹran tí wọ́n fún ní tetracycline, oògùn kan tó ń gbógun ti bakitéríà (kòkòrò àìfojúrí), ń tọ̀ ọ́, ó ń yàgbẹ́ rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń jáde láìyí padà, òjò á wá gbá a lọ sódò. Pé ọ̀nà ìfọmi yìí ń ṣiṣẹ́, a ò jiyàn ìyẹn náà. Láti 1894 ni Henry Fenton, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti kọ̀wé lórí ohun tí irin àti hydrogen peroxide ń fi tartaric acid (ásíìdì inú èso àjàrà) ṣe. Lónìí a mọ̀ pé hydroxyl radical, ègé kékeré tí oxygen kan àti hydrogen kan para pọ̀ di, ni jagunjagun inú rẹ̀: kì í pẹ́ láyé, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó bá a jà.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni ìjà mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní kó wá enrofloxacin, oògùn ẹran ọ̀sìn mìíràn tó ń pa bakitéríà, enrofloxacin nìkan ni yóò wá. Ẹ wá wo bí oògùn yẹn ṣe rí. Àárín rẹ̀ ni òrùka méjì (àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ yípo) tó lẹ̀ mọ́ra wà, quinolone, ibẹ̀ sì ni agbára tó fi ń pa bakitéríà wà. Òrùka mìíràn, piperazine, so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìrù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ethyl. Ẹ̀gbẹ́ yìí ni hydroxyl radical sábà máa ń kọ́kọ́ bù jẹ. Tó bá jẹ́ ethyl yẹn nìkan ló já, kí ló kù? Ciprofloxacin. Oògùn tí dókítà ń kọ fún ènìyàn! Ẹ̀rọ á ní enrofloxacin ti di òdo. Olè ti pààrọ̀ aṣọ, ó sì ti gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kọjá. N ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di ciprofloxacin. Ọ̀nà tí enrofloxacin lè gbà tú pọ̀, ciprofloxacin náà á sì tú bí iṣẹ́ bá ń lọ. Ṣé wọ́n dúró dè é ni?

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè: àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù, èròjà tó wà nínú ara oògùn àti àfọ́kù rẹ̀, nínú omi náà ńkọ́, ẹ wọ̀n ọ́n? Oògùn lè pòórá kíákíá kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, torí àwọn àfọ́kù kò tíì di carbon dioxide. Ṣé ẹ da omi náà lé bakitéríà lórí, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń pa á? Dípò èsì, àwòrán ìlà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí oògùn ṣe ń dínkù ni wọ́n máa ń nà sí mi. Ìlà náà dára lójú. Ó sì lè jẹ́ omi mímọ́ gaara tí wọ́n fi oògùn kan ṣoṣo sí ni wọ́n fi yà á. Omi ìgbẹ́ ẹran kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bicarbonate (iyọ̀ kan tó máa ń yòrò sínú omi) àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ á ti gba púpọ̀ nínú hydroxyl radical kó tó kan oògùn.

Òótọ́ ni pé bí quinolone fúnra rẹ̀ bá fọ́, agbára àfọ́kù lórí bakitéríà sábà máa ń relẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ọ̀pọ̀ omi tí wọ́n fọ̀ dé ojú ẹ̀ má léwu. Ó ṣeé ṣe ni mo wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí da hydrogen peroxide sínú kànga rẹ̀. Ozone pàápàá, tó bá bá bromide (iyọ̀ kan) nínú omi, ó lè sọ ọ́ di bromate, èròjà tó léwu, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan omi mímu. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹ máa sè é: sulfamethazine, oògùn ẹran ọ̀sìn mìíràn, kì í bá ooru omi lọ. Omi ni yóò máa dínkù nínú ìkòkò, èyí tó kù á wá ki sí i.