Bí èèyàn ṣe ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ni ẹni tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yunifásítì wà níkàáwọ́ rẹ̀: òun ló ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri, òun ló ń yan ẹni tó máa wọ pápá, òun náà ni wọ́n máa lé bí nǹkan bá dàrú. Láwọn yunifásítì ìjọba tó lókìkí, owó rẹ̀ lọ́dún máa ń ju ti gómìnà ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ tó gbọ́dọ̀ ní, irú èyí tí UEFA ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé: ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́?

Bíi ti télọ̀ ló rí, ọmọṣẹ́ á sin ọ̀gá kó tó ṣe fríìdọ̀ọ̀mù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé oyè kejì wà, tó ń gé fídíò ìdíje, tó ń kó bọ́ọ̀lù, tó sì ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Owó tó ń gbà kò tó nǹkan. Mark Few ti yunifásítì Gonzaga bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó gba ipò àgbà lọ́dún 1999.

Tó bá di igbákejì, orí pápá kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe kókó jù wà. Ilé àwọn òbí ló ń lọ, kí wọ́n lè fi ọmọ wọn lé yunifásítì rẹ̀ lọ́wọ́. Igbákejì tó mọ ibi tí ọmọ gíga wà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀, kì í pẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yìí sábà máa ń wà. Mike Krzyzewski gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Bob Knight ní Army, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ológun, ó bá Knight ṣiṣẹ́ ní Indiana fún sáà kan, ó sì padà di àgbà ní Army lọ́dún 1975, lẹ́ni ọdún 28. Nígbà tí yunifásítì Duke mú un lọ́dún 1980, ìdíje 9 péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú 26. Sáà kejì àti ìkẹta rẹ̀ ní Duke burú, àwọn alátìlẹ́yìn ní kí wọ́n lé e. Wọn ò lé e. Ife-ẹ̀yẹ 5 ti ìdíje NCAA, tó ń pinnu ẹgbẹ́ yunifásítì tó dára jù ní Amẹ́ríkà, ló gbà níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2022. Lóde òní, mi ò rò pé yunifásítì ńlá kan á ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà míì wà o. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Newark ni Dan Hurley ti UConn (yunifásítì Connecticut) ti kọ́kọ́ di àgbà. Dawn Staley ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní WNBA, líìgì àwọn obìnrin, nígbà tó di àgbà ní yunifásítì Temple lọ́dún 2000.

Ìṣípòpadà láti yunifásítì kan sí òmíì lówó nínú. Ẹni tó bá já àdéhùn rẹ̀ láàárín máa fa owó lé ilé ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́, yunifásítì tuntun ló sì sábà máa ń bá a san án. Bí wọ́n bá lé e ńkọ́? Wọ́n á máa san owó fún un lórí ìjókòó.

Nígbà míì, ìdíje kan ṣoṣo ló ń sọ èèyàn di ẹni àwárí. Lọ́dún 2018, Ryan Odom kó UMBC, yunifásítì kan tí kò lókìkí, wá, ó na Virginia, 74 sí 54. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìdíje NCAA àwọn ọkùnrin tí ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sí ipò 16, tó kẹ́yìn ní ìsọ̀rí rẹ̀, máa na ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìíní. Odom lọ sí Utah State, ó tún lọ sí VCU. Nígbà tó di 2025, Virginia fúnra wọn ló gbà á síṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ṣe igbákejì níbẹ̀ rí.